Kí Kásẹ́ẹ̀tì Tó Dé Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù síwájú rédíò, kí ẹ tẹ bọ́tìnì, kí ẹ wá máa sọ fún mi pé ẹ ti gba kásẹ́ẹ̀tì Bàbá àgbà sílẹ̀. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí wa. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ni fóònù kọ́kọ́ gbọ́, ó gbọ́ àkùkọ, ó gbọ́ ẹni tó ń polówó búrẹ́dì, lẹ́yìn gbogbo wọn ni ohùn ẹni tó ti kú láti ọdún 1991 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní èjì láyé! Wáyà ló yẹ kó gbé ohùn láti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sínú èkejì. Ẹnikẹ́ni ládùúgbò kò gbọdọ̀ dá sí i.

Bàbá mi ló gbé iṣẹ́ yìí kọ́ mi lọ́rùn láìmọ̀. Tíṣà ni wọ́n n'Íbàdàn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn kì í sì í lọ òde láìgbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì dání. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìpàdé ẹbí tó di ìjà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbà sílẹ̀. Wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi sára kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, bírò búlúù, ìkọ̀wé tíṣà tó dúró ṣánṣán. Nígbà tó yá, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí mílíìkì, wọ́n gbé e sórí àjà, lábẹ́ páànù tí oòrùn ń yan lójoojúmọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣì ń sọ̀rọ̀.

Èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe? Ìyẹn gan-an la bá ara wa jà lé lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Haruna Iṣọla àti Ayinla Ọmọwura ni kí n kọ́kọ́ gbé wọlé, torí àwọn ni Bàbá fẹ́ràn jù. Mo ní rárá. Ọmọwura kú ní 1980, Haruna Iṣọla kú ní 1983, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti ṣe rẹ́kọ́dù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwo wọn wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú àwo, àwọn kan sì ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oríkì tí ìyá bàbá mi ki ọmọ tuntun ní 1984 ńkọ́? Ta ló tún ní i? Ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni kó kọ́kọ́ wọlé. Fújì tí wọ́n gbà lójú agbo, níbi tí olórin ti ń ki àwọn tó ń náwó lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo fi ṣe ìkejì, torí irú rẹ̀ kì í sábà dé orí àwo.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ohùn náà dára, inú ẹ̀rọ tó ń lu kásẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Irin kékeré dídán tí okùn kásẹ́ẹ̀tì ń fara ra kọjá, tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń pè ní hẹ́ẹ̀dì, òun ló ń ka ohùn. Ohun tí hẹ́ẹ̀dì kò bá kà, kò sí ètò orí kọ̀ǹpútà tó lè bá yín wá a rí. Mo mọ ẹni tó ra ètò olówó gọbọi láti fi fọ ohùn, tó wá ń lu kásẹ́ẹ̀tì nínú rédíò tí wọn kò nu láti ìgbà tí wọ́n ti rà á. Ẹ gbà mí o.

Àwọn ẹ̀rọ kékeré tuntun oní-USB tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní ó ń sọ kásẹ́ẹ̀tì di MP3, ẹ má náwó sí i. Ìrìn mọ́tọ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń yí okùn) inú ọ̀pọ̀ wọn kì í dọ́gba, ohùn á máa fì sókè sódò. Dẹ́ẹ̀kì ńlá ayé àtijọ́ ló dára, irú èyí tó máa ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ àwọn tó rọ́wọ́ họrí. Mo rí ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ṣùgbọ́n kò yí. Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní apá Dùgbẹ̀ ṣí i, wọ́n ti ìka bọ inú rẹ̀, ìka náà sì jáde ní dúdú kirimú.

Wọ́n ní, "Màdáámù, mọ́tọ̀ yìí pé. Bẹ́líìtì ló ti yọ́."

Rọ́bà ni bẹ́líìtì náà. Tó bá pẹ́, òmíràn á gbó, á fẹjú, òmíràn á yọ́ pátápátá, á sì kun gbogbo àyíká rẹ̀. Wọ́n fi sípíríìtì nù ún títí tó fi mọ́, wọ́n sì fi tuntun sí i. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi wo hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ náà." Wọ́n fi èékánná là á kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ní kò tíì jẹ. Tí hẹ́ẹ̀dì bá ti jẹ, okùn á ti gbẹ́ ojú ilà sí i lára, èékánná á sì kọ́ síbẹ̀. Tí ẹ bá rí irú ìyẹn, ẹ wá ẹ̀rọ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ nínù rọrùn. Igi olówùú tí a fi ń nu etí, àti isopropyl tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń lò. Sípíríìtì aláwọ̀ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn lè fi ohun kan sílẹ̀ lójú irin, mi ò fi kan hẹ́ẹ̀dì. Ẹ nu hẹ́ẹ̀dì, ẹ nu ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa okùn. Rọ́bà dúdú tó ń bá ọ̀pá náà yí, omi àti ọṣẹ díẹ̀ tó o, kí ó má baà gbẹ. Ohun búráùn tó bá owú jáde, kì í ṣe eruku nìkan. Okùn kásẹ́ẹ̀tì, ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ ìpẹtà irin mọ́ lára ni, ara ìpẹtà yẹn gan-an ni ohùn sì wà. Nítorí náà, lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì kan sí méjì, mo tún nu ún. Nígbà ọyẹ́, mo ń nu ún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ náà fẹ́ àyẹ̀wò kí ó tó wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní eyín kékeré méjì. Tí ẹ bá ṣẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó lè gba nǹkan mìíràn lé e mọ́. Bàbá mi a máa ki tíṣù bọ ojú ihò kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù tí wọ́n rà, kí wọ́n lè fi gba ìsọmọlórúkọ sílẹ̀. Mo yọ gbogbo tíṣù yẹn. Lẹ́yìn náà, mo ń wo tìmùtìmù kékeré tó wà láàárín ẹnu kásẹ́ẹ̀tì, tó ń ti okùn mọ́ hẹ́ẹ̀dì. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń gbẹ, á sì já bọ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, ohùn á máa lọ, á máa bọ̀. Mo ń yọ èyí tó dára nínú kásẹ́ẹ̀tì tí kò wúlò mọ́ láti fi rọ́pò rẹ̀. Tí kásẹ́ẹ̀tì bá ní síkúrúù márùn-ún, ẹ dúpẹ́; èyí tí wọ́n fi iná lẹ̀ pọ̀, ọ̀bẹ ló máa ń ṣí i, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ gbọ̀n.

Tí rédíò bá ti jẹ ẹ́ rí, tí okùn sì lọ́, bírò la ó fi máa ká a padà bí a ti ń ṣe é nígbà èwe wa. Ẹ wá fi ẹ̀rọ ká a síwájú dé òpin, kí ẹ tún ká a padà, kí ẹ tó gbọ́ ohunkóhun. Okùn tó ti jókòó sójú kan fún ogún ọdún máa ń lẹ̀ mọ́ra, ó yẹ kó na ara díẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ C120 sí lára, ẹ fi sùúrù mú un. Kí wákàtí méjì lè wọ inú rẹ̀, wọ́n ní láti sọ okùn rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì yá fún fífà àti lílọ́ ju C60 àti C90 lọ.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ nìyí. Philips ló gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963, níbi ìpàtẹ rédíò kan ní Berlin, ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n sì ní lọ́kàn ju orin lọ. Okùn náà kò fẹ̀ ju mílímítà 3.81 lọ, ó sì ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí ibú táṣẹ́rẹ́ yẹn, tó bá jẹ́ sitẹrio, ìyẹn ohùn ọ̀tún àti ti òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀nà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, méjì fún ẹ̀gbẹ́ A, méjì fún ẹ̀gbẹ́ B. Ojú hẹ́ẹ̀dì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú lásán kò lè rí. Bí ìlà yẹn ṣe dúró sí okùn lára ẹ̀rọ tó gba ohùn náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣe dúró lára ẹ̀rọ tó ń lù ú. Tó bá wọ́ díẹ̀ báyìí, ohùn tínrín ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ ó máa gbọ́ èèyàn bí ẹni tó fi ìborùn bo ẹnu sọ̀rọ̀.

Rédíò tí Bàbá gbé dání ní 1984, tó ti já bọ́ lórí mọ́tò rí, hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ìdúró tirẹ̀. Dẹ́ẹ̀kì mi náà ní tirẹ̀. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ni mo ń tún hẹ́ẹ̀dì ṣe fún. Ẹ̀gbẹ́ hẹ́ẹ̀dì ní síkúrúù kékeré kan tí sípíríìǹgì wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń kán ọ̀dà lé e lórí kó má baà yí. Mo sàmì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo yọ ojú ilẹ̀kùn dẹ́ẹ̀kì, mo jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì máa lọ, mo so ohùn ọ̀tún àti òsì pọ̀ di ọ̀kan sínú hẹdifóònù, torí ìgbà tí wọ́n bá di ọ̀kan ni àìdúró-déédéé máa ń hàn jù. Mo wá fi síkúrúdíráfà kékeré tí kò ní mágínẹ́ẹ̀tì yí i díẹ̀, díẹ̀ tí kò tó ìdá mẹ́rin ìyípo. Ohùn ìyá àgbà wọlẹ̀. Mo yí i sí òdìkejì. Ohùn là, ó tún là sí i, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. Mo dá a padà sí ibi tó ti là jù.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀. Nígbà tí hẹ́ẹ̀dì wọ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń lù lẹ́yìn ìyá àgbà kàn ń dún fùù, fùù. Nígbà tó dúró déédéé, mo ń gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ara akèrègbè bí wọ́n ti ń lura wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà wà níbẹ̀: ohùn tínrín ni etí fi ń mọ "s" yàtọ̀ sí "ṣ". Tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ń dà bíi pé ọ̀kan ṣoṣo ló ní nínú méjèèjì, kì í sì í ṣe ará Ìbàdàn, ẹ padà sídìí síkúrúù.

Àwọn rédíò ìgbà yẹn, mónò lọ̀pọ̀ wọn. Ohùn kan náà ló wà lọ́tùn-ún àti lósì, ṣùgbọ́n kùdìẹ̀kudiẹ ara okùn yàtọ̀ lápá kọ̀ọ̀kan. Tí hẹ́ẹ̀dì bá ti dúró dáadáa, ẹ lè da méjèèjì pọ̀, ìró ṣíìì á dínkù díẹ̀. Tí apá kan bá bàjẹ́, ẹ mú apá kejì nìkan.

Wáyà wá kàn. Láti ojú ihò "line out" ẹ̀yìn dẹ́ẹ̀kì ni kí ẹ ti mú ohùn. Ihò gbohùngbohùn ara láptọ́ọ̀pù kò dára fún un, ohùn tó wọ ibẹ̀ máa ń ya, mónò sì ni lára ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Mo yá Focusrite Scarlett 2i2, àpótí kékeré tó ń gbé ohùn láti inú wáyà wọ kọ̀ǹpútà, lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń bójú tó ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa; ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ ó rí irú rẹ̀ níbẹ̀, kì í sì í ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń gba ohùn sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Mo yan 48 kHz àti 24-bit, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wọn ohùn kínníkínní tó, mo sì fi í pamọ́ sí WAV, fáìlì tí kò fún ohùn pọ̀. Mo ń jẹ́ kí ibi tí ariwo pọ̀ jù máa dé bíi -6 dB lójú ìwọ̀n ohùn, kó má kan òkè, ìyẹn 0. Ohùn tó bá ti ya nínú kọ̀ǹpútà ti ya nìyẹn, èyí tó kéré ṣì ṣeé gbé sókè. Wákàtí kan máa gba nǹkan bíi gígábáìtì kan. MP3 onípele 128, tó ń já nínú ohùn sílẹ̀ kí fáìlì lè kéré, kò ní gbà ju mẹ́gábáìtì 58 lọ fún wákàtí yẹn, ìdí sì nìyẹn tó fi wúlò fún WhatsApp, tí kò sì wúlò fún ìtọ́jú.

Iná náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ hùùù lábẹ́ ohùn, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ kó lo bátìrì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń lọ. Íńfátà olówó pọ́ọ́kú ń mú zzzz wá, mo sì ti gbà fún Ọlọ́run pé ìgbà tí NEPA bá mú iná wá ni mo máa ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá mú un lọ láàárín ẹ̀gbẹ́ A, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Iṣẹ́ yìí kò sì ní kánkán: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ẹ̀gbẹ́ kan C60, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà ni ẹ ó fi jókòó tì í. Ẹ má pa á nítorí pé ohùn dákẹ́ o. Níbi tí wọ́n bá ti gba nǹkan tuntun lé àtijọ́, àtijọ́ máa ń yọjú padà tí tuntun bá tán. Lẹ́yìn àdúrà ìparí ìsọmọlórúkọ kan, ariwo bọ́ọ̀lù Shooting Stars ló já lu etí mi, ẹni tó ń ròyìn rẹ̀ ń pe Muda Lawal, Muda Lawal, títí okùn fi tán. Ìyẹn nìkan tó fún mi láti máa jẹ́ kí gbogbo kásẹ́ẹ̀tì sá dé òpin.

Nípa eré tí okùn ń sá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti kásẹ́ẹ̀tì London. Owó fóònù láti ìlú òyìnbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nígbà yẹn, nítorí náà àwọn èèyàn a máa bá kásẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, wọ́n á sì fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Ti àbúrò bàbá mi wá láti Peckham ní 1982. Wọ́n fi bírò sàmì sí Dolby B lórí páálí rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń dín ìró ṣíìì okùn kù, tí a gbọ́dọ̀ tàn nígbà lílù tí wọ́n bá ti fi gba ohùn sílẹ̀, nítorí náà mo tan Dolby B lára dẹ́ẹ̀kì. Ti ilé wa kò ní Dolby, tí mo bá tàn án fún wọn, ńṣe ni ohùn á kú. Ohùn bọ̀ọ̀dá yìí wá ga ju bí mo ti mọ̀ ọ́n lọ, ṣùgbọ́n ìrántí etí kì í ṣe ẹ̀rí. Hùùù kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn, tó ń dákẹ́ nígbà tí mo bá dá okùn dúró, tó túmọ̀ sí pé ara okùn ló wà, kì í ṣe iná ilé mi. Iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wọ inú ohùn náà nígbà tí wọ́n ń gbà á, ó sì ń lọ ní hertz 50, ìyẹn ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fi "Plot Spectrum" inú Audacity, tó ń fi hertz ìró kọ̀ọ̀kan hàn, wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 51.5. Láàárín ẹ̀rọ tiwọn àti tèmi, nǹkan ti fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún yára jù. Mo fi "Change Speed" dá a padà, bọ̀ọ̀dá sì di ara wọn.

Ti ìsọmọlórúkọ le ju ìyẹn lọ. Bátìrì ni rédíò Bàbá ń lò lóde. Bí bátìrì ti ń rẹ̀, mọ́tọ̀ ń lọ́ra, okùn tó ń kọjá ń dínkù. Nígbà tí a bá wá lu okùn náà pẹ̀lú ìrìn tó dọ́gba, gbogbo ayé á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré: àlejò ń sáré sọ̀rọ̀, dùǹdún ń lọ sókè, ìyá àgbà ń di ọmọdé. "Time Track" ni mo lò, ó jẹ́ kí n fa eré náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárín dé ìparí. Ohùn ìyá ìlù ni mo ń tẹ̀ lé, ibi tó tún ti lu gbólóhùn kan náà tó lù níbẹ̀rẹ̀, títí tó fi bá ara rẹ̀ dọ́gba.

Fífọ ohùn, mi ò ní sọ púpọ̀. "Noise Reduction" dára tí ẹ bá fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ mú un. Tí ẹ bá fà á jù, gbogbo èèyàn á máa sọ̀rọ̀ láti inú omi. Àbúrò mi obìnrin ní kí n yọ ikọ́ ìyá àgbà kúrò. Mo yọ ọ́ nínú èyí tó wà lórí fóònù rẹ̀. WAV àkọ́kọ́, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo sọ ọ́ di FLAC, tí kò já ohunkóhun sílẹ̀ nínú ohùn, tó sì gba àyè tó kéré sí i dáadáa. Ẹ̀dà kan wà lórí háàdì ilé mi, ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Manchester. Ọjọ́ àti ibi tí Bàbá kọ sí ara kásẹ́ẹ̀tì ni mo fi sọ fáìlì lórúkọ, mo sì ya fọ́tò ojú ìkọ̀wé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbẹ̀ o, mi ò da ọ̀kan nù. Wọ́n wà ní ìdúró nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá, wọ́n jìnnà sí sípíkà, wọn kò sì tún ní rí orí àjà mọ́.

Àwọn tó bu ló kù. Funfun ti hù sí etí okùn wọn láti ara òjò kan tó jò wọ páálí, mo sì ti dì wọ́n sínú náílọ́nù lọ́tọ̀ kí wọ́n má baà ran àwọn yòókù. Mi ò ní fi wọ́n sínú dẹ́ẹ̀kì rárá. Ìgbà ọyẹ́ ni màá ṣí wọn, tí bíbu náà bá ti gbẹ, níta gbangba, pẹ̀lú ìbòmú àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, màá sì fi rédíò ògbólógbòó kan tí mi ò fẹ́ mọ́ ká wọn lọ ká wọn bọ̀ kí n tó mọ èyí tó ṣeé gbọ́.